A Mọ Glazer Ní Kútọ̀, A Ò Mọ Alága Tiwa

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, a tó ogójì ènìyàn tí a há sínú ilé ìwo-bọ́ọ̀lù kan ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta. Manchester United àti Tottenham ló ń gbá àṣekágbá ìdíje Europa League ní ìlú Bilbao. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n lọ sinmi, Brennan Johnson gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Tottenham. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi nà wá. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè ìparí, ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ládùúgbò dìde, ó bọ́ jẹ́sì ọrùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdílé Glazer ṣépè. Gbogbo wa ń ṣe àmín.

Bàbá kan wà lẹ́yìn tó jókòó jẹ́jẹ́, tí kò ṣe ti Tottenham tí kò ṣe tiwa. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mọ orúkọ bàbá Glazer, ẹ mọ tàwọn ọmọ ẹ̀. Ta ni alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Gateway?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹnì kan béèrè pé, "Bàbá, àwọn yẹn ṣì wà?" Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń lọ sílé, tí mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá kọjá, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdíje eré ìdárayá ti gbogbo orílẹ̀-èdè wa ń lọ lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Wọ́n ti tún pápá náà ṣe nítorí rẹ̀, ó sì ń dán. Mo wá bi ara mi léèrè pé bí àwọn àlejò bá lọ tán, ẹgbẹ́ wo ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ta ni yóò sì máa wá wò ó?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ fi àwọn alátìlẹyìn Manchester United ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ọ̀kan nínú wọn ni, ẹ̀sùn wa sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2005, Malcolm Glazer ra ẹgbẹ́ náà ní nǹkan bí 790 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, ó yá a ni, ó sì di púpọ̀ nínú gbèsè náà lé ẹgbẹ́ tó rà lórí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn yáwó ra ilé tí ò ń gbé, tó wá ní kí ìwọ tí o wà nínú ilé máa bá òun san gbèsè. Láti ìgbà tí Alex Ferguson ti fẹ̀yìn tì ní ọdún 2013, a kò gba ife líìgì mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Jim Ratcliffe ra ìpín tó lé ní ìdá mẹ́rin, àkóso bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí i lọ́wọ́. A yọ̀. Kí la rí? Wọ́n dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì, a sì parí sáà 2024/25 ní ipò 15 nínú ẹgbẹ́ 20, pẹ̀lú àmì 42. Ta ni inú kò ní bí?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó ni ìlú ń ṣe sí ìbínú tiwọn. Lọ́dún tí Glazer ra ẹgbẹ́ náà, àwọn alátìlẹyìn kan bínú jáde, wọ́n dá FC United of Manchester sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan. Ní ọdún 2010, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń wé aṣọ ọrùn aláwọ̀ ewé àti wúrà wá sí pápá, àwọ̀ tí ẹgbẹ́ náà ń lò nígbà tó ṣì ń jẹ́ Newton Heath. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, wọ́n wọ inú Old Trafford lọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Liverpool kò sì lè wáyé lọ́jọ́ náà. Glazer kò tìtorí ìyẹn tà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Tiwa ńkọ́? Ariwo tí a pa ní Kútọ̀ kò kọjá páànù orí wa. Owó tí a san lẹ́nu ọ̀nà, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó dẹ̀kódà ni wọ́n fi ṣe. A kò ní ìbò, a kò ní ẹni tí a lè kọ lẹ́tà sí. Ẹgbẹ́ tí a lè bá àwọn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni èyí tí a ń fi ṣẹ̀rín. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni Gateway United. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sòótọ́, àwa la ni ín. Ó ti wà nínú líìgì àgbà orílẹ̀-èdè wa rí, àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì máa ń wá kò ó lójú. Ó bọ́ sísàlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kan lè dàgbà l'Abẹ́òkúta kó má mọ àwọ̀ jẹ́sì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbá kì í ṣe ìlú tí kò mọ bọ́ọ̀lù. Àwọn òbí wa lè ròyìn Abiola Babes fún wa. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ló dá a sílẹ̀, Abẹ́òkúta sì ni ilé rẹ̀. Wọ́n gba ife Challenge Cup ní ọdún 1985, wọ́n tún gbà á ní 1987. Nígbà yẹn, kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n máa bi pé ta ló ni ẹgbẹ́ tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú. Lónìí, Abiola Babes kò sí mọ́. Orúkọ bàbá wà lára pápá, ẹgbẹ́ bàbá kò sí nínú pápá.

Abiola Babes nìkan kọ́ ló bá ọ̀nà yẹn lọ. Leventis United ti Ìbàdàn gba Challenge Cup ní 1984 àti 1986, wọ́n gba líìgì ní 1986 bákan náà. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n fi kó ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ẹgbẹ́ sì tú. Stationery Stores ti Èkó, tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ Adébàjọ́, gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì gba líìgì ní 1992. Ṣùgbọ́n olówó rẹ̀, Israel Adébàjọ́, ti kú láti ọdún 1969, ìjà ta-ló-ni-ín sì wà lára ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà wọlẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta nìyẹn, àrùn kan náà ló ṣe wọ́n. Àwọn tó ń kọrin fún wọn pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni díẹ̀ ni ìwé wọn wà. Ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn rọ, orin parí.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ìjọba ni í, ìjọba kì í kú." Lóòótọ́, ìjọba kì í kú, ṣùgbọ́n ó máa ń pààrọ̀. Gómìnà tuntun dé, kọmíṣọ́nnà tuntun dé, alága tuntun dé, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun náà tẹ̀lé wọn. Ẹni tó ń ronú ọdún mẹ́rin kò ní gbin igi tí yóò so lọ́dún kẹwàá. Shooting Stars ti Ìbàdàn, ti ìjọba ni. Òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 1976. Síbẹ̀, ó bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà ní 2017, ọdún 2021 ló tó padà. Enyimba ti Àbá, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ábíá ni, ó sì gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003 àti 2004. Nítorí náà n kò ní parọ́ pé ìjọba kò lè ṣe é. Ó lè ṣe é bí ó bá wù ú. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni "bí ó bá wù ú" yẹn.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ìjọba tà á fún olówó, kí a ṣe bíi ti Remo Stars. Mo bá wọn yọ̀ o, kò sí ìlara níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa náà ni Ìkẹ́nnẹ́ wà. Kúnlé Sọ̀námẹ̀ náwó, ó kọ́ pápá, ó fi akọ́nimọ̀ọ́gbá Daniel Ògúnmódẹdé sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe é ní 2024, wọ́n sì gba líìgì ní 2025. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Kútọ̀ tiwa yìí ni wọ́n ti gba Mamelodi Sundowns ti South Africa lálejò. Sundowns fi góòlù 5 sí 1 nà wọ́n. Ó dùn mí bí ẹni pé ẹgbẹ́ mi ni, nítorí pápá wa ni. Ṣùgbọ́n àwa Ẹ̀gbá ló yẹ ká rántí jù pé ẹgbẹ́ tó rọ̀ mọ́ àpò ẹnì kan, bí ẹni náà ti wù kó láàánú tó, a ti ní irú rẹ̀ rí, ó sì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ rí.

Kí ni mo wá fẹ́? Ohun mẹ́ta péré ni.

Èkíní, kí wọ́n ka ìṣirò owó Gateway síta ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan. Èló ni ìjọba fún wọn? Èló ni owó oṣù? Àwọn agbábọ́ọ̀lù wo ni wọ́n tà, èló ni wọ́n sì tà wọ́n? Èyí kò gba òfin tuntun, bébà kan ṣoṣo ni.

Èkejì, kí sáà ìgbìmọ̀ alákòóso má ṣe bá sáà gómìnà dọ́gba, kí ẹgbẹ́ má baà máa kú kó máa jí ní gbogbo ìgbà tí a bá dìbò.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wa. Ní Jámánì, òfin líìgì wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ, àfi àwọn ẹgbẹ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. N kò tilẹ̀ béèrè ìdajì. Bí 2,000 ènìyàn bá ń san 5,000 náírà lọ́dún, mílíọ̀nù 10 náírà nìyẹn. Kò lè gbé ẹgbẹ́ kan ró, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti ra àga méjì fún wa nínú ìgbìmọ̀, kí àwọn tí a dìbò yàn jókòó síbẹ̀, kí wọ́n máa bá wa béèrè ọ̀rọ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Wọ́n á jẹ ẹ́!" Ẹ̀yin ará, àwọn ìyá wa l'ọ́jà Kútọ̀ ń dá àjọ, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, owó ẹgbẹ́ yẹn ni wọ́n fi san owó ilé ìwé wa. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́? Nítorí pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń wá sípàdé, gbogbo wọn ló sì ń rí ìwé. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ owó ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti béèrè. Gateway sì ni ibi tí àwa kò ti béèrè rí.

Ìyẹn ló mú mi padà sọ́dọ̀ ara wa. Ó rọrùn láti dá ìjọba lẹ́bi, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà wo ni yóò bẹ̀rù àga òfìfo? Èmi tí mò ń kọ èyí, mo mọ iye góòlù tí Bruno Fernandes gbá, n kò sì mọ orúkọ balógun ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ mi. Ẹjọ́ ta ni ìyẹn?

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka yìí, tí ẹ wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba àti rédíò, ẹ bá wa gbé ìbéèrè yìí dé ibi tí ẹsẹ̀ wa kò tó. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí a máa lọ wo Gateway ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gbá a nílé, kí a sì máa kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa yìí, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbá góòlù àti iye ènìyàn tó wá wò ó. Èmi yóò kọ ti àkọ́kọ́. Kí n tó kọ ọ́, mo ní láti wá orúkọ alága ẹgbẹ́ náà kàn, nítorí mo ṣì jẹ bàbá yẹn ní ìdáhùn.