Òkú Ọmọ Ta Ni Ó Yẹ Ní Wíwò?

Ó ti sú wa láti máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé iṣẹ́ ọnà kò gbọdọ̀ fara kan ọ̀ràn òṣèlú. Kí wọ́n gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, 1968, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà pa ènìyàn tí ó ju 300 lọ ní My Lai, ní Vietnam: arúgbó, obìnrin, ọmọ ọwọ́. Ronald Haeberle, ayafọ́tò inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, ya òkú wọn lójú ọ̀nà. (Kámẹ́rà ara rẹ̀ ni ó fi yà á, kì í ṣe ti ìjọba.) Ní 1969, ẹgbẹ́ Art Workers' Coalition ní New York sọ fọ́tò náà di ìwé àlẹ̀mógiri. Ilé iṣẹ́ ọnà MoMA ti ṣèlérí ìrànlọ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fojú kàn án, wọ́n yẹ àdéhùn. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó tẹ 50,000 rẹ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni Guernica ń bẹ lára ògiri MoMA kan náà nígbà náà! Picasso ya àwòrán yìí ní 1937, nítorí ìlú Spéènì tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì àti ti Ítálì fi bọ́ǹbù run. Ìyá tí ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tí àjèjì pa, iṣẹ́ ọnà ni. Èyí tí ọmọ ogun tiwọn pa, òṣèlú ni. Àbí báwo?

Ní oṣù Kìn-ín-ní, 1970, àwọn ayàwòrán náà gbé ìwé wọn wọ inú ilé náà, wọ́n sì nà án sókè níwájú Guernica gan-an.