Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìlú Ọba tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kì í fara balẹ̀ rò kí wọ́n tó dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè náà kúrú: ṣé ẹni tí ó pe ẹjọ́ fẹ́ wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, tàbí ó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ fi ohun tí ó wà nínú ìwé nìkan dá ẹjọ́ náà? Ẹni tí ara ń ni, tí ìwé kíkọ ti sú, tí orúkọ kóòtù sì ń bà lẹ́rù, kíá ni yóò fi àmì sí ibi tí ó rọrùn: kí wọ́n fi ìwé dá a. Ó rò pé òun ti gba ara òun lọ́wọ́ wàhálà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí.

Ẹjọ́ tí a ń wí yìí ni ẹjọ́ owó ìrànwọ́ aláàbọ̀ ara, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Personal Independence Payment, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PIP. Ọdún 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò Disability Living Allowance, tí ó ti wà láti ọdún 1992, fún àwọn tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 16 tí wọn kò sì tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì. Ní England àti Wales ni òfin tí a ń sọ níhìn-ín ti ń ṣiṣẹ́. Scotland ti ní ètò tirẹ̀ láti ọdún 2022. Kì í ṣe orúkọ àìsàn ni ìjọba ń san owó yìí fún, bí kò ṣe ohun tí àìsàn náà kò jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe. Nǹkan 12 ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Mẹ́wàá jẹ mọ́ ìgbé ayé ojoojúmọ́, bí oúnjẹ sísè, ara wíwẹ̀, aṣọ wíwọ̀ àti ìtọ́jú àìsàn. Méjì jẹ mọ́ ìrìn àti ìrìnàjò. Máàkì ni wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní máàkì 8 ní ẹ̀ka kan yóò gba èyí tí ó kéré, ẹni tí ó bá ní 12 yóò gba èyí tí ó pọ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀ fún ènìyàn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ. Yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba tí ó kọ̀ fún un, láàrin oṣù kan, pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn, ó ní oṣù kan mìíràn láti gbé ẹjọ́ lọ sí First-tier Tribunal, ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ àṣẹ iléeṣẹ́ náà rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni agara dá ní agbede méjì ọ̀nà yìí, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n fífi nǹkan sílẹ̀ fún Ọlọ́hun kò sọ pé kí ènìyàn má di okùn ràkúnmí rẹ̀.

Ẹ wo àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ láàrin ọmọ Yorùbá: fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun gbogbo. Lónìí, ìrora inú egungun á dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ bí ẹni tí kò ní dìde mọ́. Lọ́la, yóò dìde, yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ, yóò sì jókòó láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti ń gba owó ìrànwọ́ ọmọdé, nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún 16, wọn yóò ní kí ó wá béèrè fún PIP. Ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ àyẹ̀wò bọ́ sí ọjọ́ ìdìde. Olùyẹ̀wò yóò bi í pé báwo ni ara rẹ̀, ọmọ náà yóò sì fi ẹ̀kọ́ ilé dáhùn pé, "Alhamdulillah, ara le." Wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara le. Wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ta ni yóò kọ òru tí ó sùn ní ilé ìwòsàn sílẹ̀? Ta ni yóò kọ ọ́ pé òtútù balùwẹ̀ nìkan tó láti dá ìrora sílẹ̀ sí i lára, àti pé àárẹ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í jẹ́ kí ó lè dúró ti ìkòkò títí oúnjẹ yóò fi jinná?

Ìwà ọmọlúàbí ni kí ènìyàn dáhùn ìkíni pẹ̀lú ọpẹ́. Yorùbá kì í fẹ́ kí ayé gbọ́ sí àìsàn òun. Ìyá a máa kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni. Mùsùlùmí náà á máa rò pé bí òun bá sọ ohun tí ń ṣe òun, òun ti pàdánù ẹ̀san sùúrù nìyẹn. Gbogbo èyí dára ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìdájọ́ kì í ṣe ibi ìkíni. Ìbéèrè adájọ́ ń fẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe ọpẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ Khawlah ọmọ Tha'labah ká a lára, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi rìn lọ bá Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ro ẹjọ́ rẹ̀, ó sì tún un rò. Kò sí ẹni tí ó pè é ní aláìnísùúrù. Ọlọ́hun gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwíjàre obìnrin náà ni wọ́n sì fi sọ Súrà 58 lórúkọ títí di òní.

Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni." Nínú ẹjọ́ PIP, iléeṣẹ́ ìjọba yóò kó ìwé rẹ̀ jọ, yóò fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àti sí ẹni tí ó pe ẹjọ́. Àbọ̀ olùyẹ̀wò ọjọ́ ìdìde yẹn wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá jókòó sí ilé, àbọ̀ yẹn ni yóò máa sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Kì í ṣe pé ìgbìmọ̀ ń ṣe òṣìkà. Ohun tí wọn kò gbọ́ ni wọn kò lè fi dájọ́. Àkọsílẹ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ jáde ti fi hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó lé ní ìdajì nínú àwọn ẹjọ́ PIP tí ìgbìmọ̀ gbọ́ tí ó já sí rere fún ẹni tí ó pè é. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ yìí sì mọ̀ pé àwọn tí wọ́n yọjú máa ń ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù kóòtù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe kóòtù tí ènìyàn ti ń bá ará ilé rẹ̀ jà. Ẹni mẹ́ta ni yóò jókòó: adájọ́ kan, dókítà kan, àti ẹnìkan tí ó ní ìmọ̀ nípa ìgbé ayé aláàbọ̀ ara. Kò sí irun funfun lórí adájọ́, kò sí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. Wọn kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó pe ẹjọ́. Kò di dandan kí ó ní lọ́yà. Ó lè mú ènìyàn rẹ̀ kan dání, ó sì lè gba owó ọkọ̀ rẹ̀ padà. Bí Yorùbá bá yọ̀ ọ́ lẹ́nu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí ó sọ ọ́ ṣáájú; ìgbìmọ̀ yóò wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀rù kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Bí wọ́n bá rí i pé mo lè dúró, wọn yóò ní n kò ṣàìsàn." Ẹ̀rù yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n òfin ti dáhùn rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni òfin ń wò, bí kò ṣe bí nǹkan ti rí ní ọjọ́ tí ó ju ìdajì lọ láàrin oṣù 12. Òfin kò sì sọ pé ẹni tí ó bá lè ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan ti lè ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ lè ṣe é láìfarapa, kí ó ṣe é bí ó ti yẹ, kí ó lè tún un ṣe nígbà tí ó bá yẹ, kí ó má sì pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí ó ti tọ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ dá lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Kí ó sọ pé, "Òní jẹ́ ọjọ́ tí ó dára fún mi. Bí ọjọ́ yòókù ti ń rí nìyí." Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ gbólóhùn yìí, ìwé tí a ti kọ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn kò lè sọ ọ́.

Òtítọ́ ni gbogbo èyí dúró lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá ọ̀pá tí kì í lò, kí ó má sì kọ́ bí a ti ń tiro. Irọ́ ìbá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ó ti rí ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni kí ó sọ, kì í ṣe bí ó ti rí lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyẹn ni òfin fi àṣẹ fún ìgbìmọ̀ láti gbọ́. Kí ẹni tí ó ti ń gba díẹ̀ tí ó sì ń béèrè fún púpọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé ìgbìmọ̀ lè fi kún un, ó sì lè yọ kúrò nínú rẹ̀. Kí ó gba ìmọ̀ràn kí ó tó gbéra.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Ẹni tí kò lè kúrò lórí ibùsùn, tàbí tí àìsàn ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè dúró níwájú àjèjì, lè béèrè pé kí wọ́n gbọ́ tòun lórí tẹlifóònù tàbí fídíò, tàbí kí ó yan aṣojú. Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀dá lọ lé e lórí. Ohun tí kò dára ni kí ó jẹ́ ìtìjú ni ó yàn fún un. Owó yìí kì í ṣe báárà. Ẹ̀tọ́ ni fún ẹni tí òfin fún. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì ní kí ó má ṣe gba owó ìjọba, kí ó má dán an wò, kí ó má baà fi ìgbélùú rẹ̀ sínú ewu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín wà níhìn-ín. Àdúà nìkan kọ́ ni aláìsàn ń fẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ bá a ka ìwé ìjọba tí ó nípọn yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọ ọjọ́ tí ara fà á lulẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ mú un lọ sí Citizens Advice, níbi tí ìmọ̀ràn ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ẹ bá a wọ ọkọ̀, ẹ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí òun ni ó ń jẹ ìrora náà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn ní ìwòsàn, kí Ó la ahọ́n wọn fún òtítọ́, kí Ó sì mú kí àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ wọn dá a bí ó ti tọ́. Àmín.