Àyẹ̀wò Tí Kò Ní Pa Ọmọ Lára

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ọ́tísíìmù ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe àrùn tí ń ranni, kì í sì í ṣe èpè. Ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìmọ́lẹ̀ bí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀ràn òyìnbó, nítorí pé Dókítà Leo Kanner kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943. Ṣùgbọ́n láti 1978 ni Victor Lotter ti tẹ ìwádìí jáde nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá Áfíríkà.

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 17, lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá fún àyẹ̀wò, kí ó lè rí ìwé ẹ̀rí àkàndá ẹ̀dá gbà. Láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ni wọ́n fi jókòó láàárín èrò àti ariwo. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n wọlé, wọ́n ní kí ìyá dákẹ́. “Ṣé o lè dá wẹ̀?” “Bẹ́ẹ̀ ni.” “Ṣé o lè dá lọ sọ́jà?” “Bẹ́ẹ̀ ni.” Wọ́n ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí fi orí gbá ògiri, ọjọ́ mẹ́ta ni kò sì fi jẹun dáadáa.

Ní tèmi, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ burú ju àìṣe rárá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni yóò wí pé “bẹ́ẹ̀ ni” kí ìbéèrè lè tán. Àwọn mìíràn a máa pa ìnira mọ́ra lójú àlejò, a di ilé kí ó tó tú síta. Ta ni yóò mọ èyí bí kò bá bi ẹni tí ń bá a gbélé?

Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé bí dókítà bá fura sí irú ipò bẹ́ẹ̀, kí ó fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí ìgbà díẹ̀, tí kò ní ju 180 ọjọ́ lọ. Bí ipò náà kò bá yí padà, Àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá yóò fún un ní èyí tí yóò pẹ́. Òfin kan náà ni ó ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Ìwé náà kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Ẹ wo 180 ọjọ́ náà dáadáa. Dókítà ni òfin wí, kò wí pé dókítà ìlú ńlá. Kí ló dé tí a kò fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá tàbí Òkè-Ìlá, níbi tí ojú ọmọ ti mọ́ ọ̀nà, kí dókítà rí i lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí ó gbọ́ ti ìyá àti ti olùkọ́, kí ó tó di pé a ń kọ̀wé sí Iléṣà tàbí Ifẹ̀?

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní England náà ń rí tiwọn. Bí wọ́n bá pé ọdún 16, owó ìrànlọ́wọ́ ọmọdé a máa parí, wọn a sì tún àyẹ̀wò ṣe fún ti àgbà tí wọ́n ń pè ní PIP, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọ̀dọ́ lè mú ẹnìkan dání tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ máa kọ ohun tí ọmọ dá ṣe, èyí tí ẹ fi ipá rọ̀ ọ́ ṣe, àti bí ó ti rí lẹ́yìn ìrìn àjò. Ìwé yẹn ni kí ẹ fún dókítà. Ẹ má ka àléébù ọmọ sílẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè àkọ́kọ́ lówùúrọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí àpò rẹ̀, nítorí àwọn mìíràn a máa sá bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni dè é mọ́lẹ̀ nítorí ìbéèrè. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fún un níwèé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tiyín.