Ta Ló Ń Jẹ́rìí fún Ajá Tí Wọ́n Kùn Lóorun?

Ẹni tó bá wo nọ́ńbà kan lójú ẹ̀rọ, tó wá fọwọ́ sọ̀yà pé ajá tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ò mọ nǹkan kan lára, ó ti sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Bó ṣe rí lójú tèmi nìyẹn.

Mi ò ní kí wọ́n má ka ìgbì ọpọlọ ajá o. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á. Ní 1913, Pravdich-Neminsky ti tẹ àwòrán ìgbì ọpọlọ ajá jáde. Ọdún 1929 ni Hans Berger ní Jámánì tó tẹ ti ènìyàn jáde. Ajá ló ṣáájú wa níbẹ̀.

Ìtumọ̀ ni wàhálà. Waya tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ajá kì í gbọ́ ọpọlọ nìkan. Iṣan ńlá tí ajá fi ń rún egungun, orí agbárí gan-an ló jókòó sí, ariwo rẹ̀ sì lè bo ti ọpọlọ mọ́lẹ̀. Iná ìjọba náà ń dá sí i. Oògùn akunilóorun wá ńkọ́? Bí isoflurane bá ń pọ̀ sí i, ìgbì á falẹ̀, á sì ga. Tó bá tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbì á bú jáde, á dákẹ́, á tún bú jáde. Ṣé ajá lẹ wá ń kà ni àbí oògùn?

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní BIS. Ó máa ń lọ gbogbo ìyẹn pọ̀, á sọ ọ́ di nọ́ńbà kan ṣoṣo, láti 0 dé 100. Bó bá ti wà láàárín 40 sí 60, wọ́n á ní oorun iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Lára àgbàlagbà ènìyàn ni wọ́n ti kó dátà tí wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ àwọn kan ń gbé e ka orí ajá.

Èmi tí mò ń fi kóòdù jẹun, mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí dáadáa, torí mo ti dá a rí. Mo kọ ètò kan tó ń dá ohùn ènìyàn mọ̀. Inú yàrá tó pa rọ́rọ́ la ti gba ohùn tá a fi kọ́ ọ. Nígbà tá a gbé e dé ọjà, kò sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ibí yìí ṣàjèjì sóun. Ńṣe ló ń da nọ́ńbà sílẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ dájú.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń ṣàsọdùn, ní 2015, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà fún ènìyàn mẹ́wàá tó yọ̀ǹda ara wọn ní oògùn tó ń dá iṣan dúró, láìfi akunilóorun kankan sí i. Ojú wọn là kedere, wọ́n ń fi ọwọ́ kan tí oògùn ò dé dáhùn ìbéèrè. Nọ́ńbà BIS wọn já wálẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n ti kùn lóorun! Ènìyàn tó lè fọwọ́ dáhùn nìyẹn o. Ajá á fi kí ni dáhùn?

Wọ́n á ní, "Kò kúkú mira." Tí wọ́n bá ti dá iṣan rẹ̀ dúró, báwo ló ṣe fẹ́ mira? Isoflurane fúnra rẹ̀ ń kunni lóorun ni, kì í ṣe oògùn ìrora.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà hàn wá, kó fi ìgbì tó ti yọ ọ́ hàn pẹ̀lú. Kó sọ bí ọkàn ajá ṣe lù àti bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe rí nígbà tí ọ̀bẹ wọlé. Bí wọ́n bá sì gbé ajá tèmi sórí tábìlì lọ́la, mi ò ní bi dókítà ní nọ́ńbà. Oògùn ìrora wo lẹ fún un, ìgbà wo lẹ sì fún un?