Oògùn Ò Lẹ́bi
Àwọn obìnrin kan máa ń sọ pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró kì í ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìrántí ló ṣòro. Bí 100 obìnrin bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìpa ọjọ́ kankan jẹ, agbára káká ni kí ẹnì kan lóyún lọ́dún. Bí a ṣe ń lò ó gan-an ńkọ́? Nǹkan bí 7 ló ń lóyún. Kọ́ńdọ̀mù, 13. Kí ọkọ yára fa nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ yọ kí àtọ̀ tó dà, ọgbọ́n tí àwọn ọkùnrin kan fi ń yangàn, 20! Oògùn tí nọ́ọ̀sì ń fi sábẹ́ awọ apá kì í dúró de ìrántí ẹnikẹ́ni: kò tó ẹnì kan. Lóòótọ́, ó lè da nǹkan oṣù rú, kì í sì í dènà àrùn ìbálòpọ̀ bí kọ́ńdọ̀mù ti ń ṣe. Síbẹ̀, òun ni màá kọ́kọ́ dárúkọ fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń ti ọjà dé lóru.