Àjọ̀dún Àwọn Júù àti Ọjọ́ Ìkẹyìn

Ìbéèrè àwọn ìyá kan ni a fẹ́ dáhùn lóṣù yìí. Wọ́n ní àwọn oníwàásù orí fóònù ń wí pé àjọ̀dún àwọn Júù ni Ọlọ́run fi ṣe àmì fún òpin ayé, àti pé ẹni tí ó bá ti mọ ọjọ́ Ìfùnpè wọn ti mọ ọjọ́ tí Olúwa yóò padà wá. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti sùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ohun tí ó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Nínú ìwé Léfítíkù, orí 23, Ọlọ́run ka àwọn àjọ̀dún rẹ̀ fún Mósè. Àgbẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà bíi tiwa, oko ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà: ọkà báálì bá Ìrékọjá dé, àlìkámà bá Pẹ́ńtíkọ́sì dé, nígbà tí wọ́n bá sì ti kó àjàrà àti ólífì wọlé tán, wọn a ṣe àjọ̀dún Àgọ́. Ṣáájú Àgọ́ ni Ìfùnpè, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje wọn, àti Ọjọ́ Ètùtù, ní ọjọ́ kẹwàá. Ìgbà Ìrékọjá ni a pa Olúwa wa, Pẹ́ńtíkọ́sì sì ni Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé àwọn Àpọ́sítélì. Nítorí náà ni àwọn oníṣirò fi ń wí pé ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti ṣẹ, ó ku ti ìparí ìkórè, Ìfùnpè ni ó kàn. Ṣebí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ náà sọ pé ìpè ìkẹyìn yóò dún? Ọ̀rọ̀ wọn wọ etí.

Ìjọ Mímọ́ kò sì sọ àjọ̀dún wọ̀nyí nù. Inú Ìrékọjá ni Ọdún Àjíǹde wa ti jáde. Pâques tí àwọn Faransé ń pè é, láti inú Pesach àwọn Júù ni. Ní nǹkan bí ọdún 190, Póòpù Victor Kìn-ín-ní, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, bá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Éṣíà ṣe awuyewuye líle lórí rẹ̀. Àwọn ń ṣe é ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù àwọn Júù, òun ní Ọjọ́ Àìkú ni ó tọ́. Ọjọ́ tí a ó fi rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí o, ó sì le tó bẹ́ẹ̀! Ní ti ọjọ́ tí ń bọ̀, Jésù fúnra rẹ̀ ti dáhùn ní Mátíù orí 24 àti ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kìn-ín-ní: Baba nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀ wọ́n ń ṣírò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn William Miller fi Ọjọ́ Ètùtù ka ọjọ́, wọ́n sì mú ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1844. Àwọn àgbẹ̀ kan nínú wọn fi ọ̀dùnkún sílẹ̀ nínú ilẹ̀, wọn kò wú u. Edgar Whisenant kọ ìwé pé Ìfùnpè ọdún 1988 ni. Nígbà tí kò ṣẹ, ó kọ òmíràn fún 1989. Ní 2025, Joshua Mhlakela, ará South Africa, dá ọjọ́ 23 àti 24 oṣù kẹsàn-án, àkókò Ìfùnpè gan-an, fóònù sì gbé e kárí ayé. Ọjọ́ méjèèjì kọjá.

Èyí tí ó dà bí iṣẹ́ ìyanu jù ni ti òṣùpá pupa. Ní 2014 àti 2015, òjìji ayé bo òṣùpá pátápátá nígbà mẹ́rin, ìgbà Ìrékọjá lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà Àgọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Pásítọ̀ John Hagee ti kọ ìwé lé e lórí ní 2013, àwọn ènìyàn sì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n òjìji ayé kì í bo òṣùpá àfi ní alẹ́ tí ó bá kún. Oṣù àwọn Júù ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òṣùpá bá lé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni Ìrékọjá àti Àgọ́ ń bọ́ sí, nígbà tí òṣùpá ti kún. Oṣù mẹ́fà ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì sábà máa ń rí láàárín ìgbà kan tí òjìji bo òṣùpá àti èkejì. Kí ni ó wá yani lẹ́nu bí wọ́n bá pàdé? Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ hàn ní Jerúsálẹ́mù, ọ̀sán ni níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ti òru ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 2015, ni a lè rí níbẹ̀ àti ní ilẹ̀ Benin wa níhìn-ín.

À bá fi wọ́n rẹ́rìn-ín lásán bí kò bá sí ewu. Ní òpin oṣù kìn-ín-ní 2017, ní Adjarra lẹ́bàá Àjàṣẹ́, wọ́n sọ fún àwọn olùjọ́sìn kan pé òpin ayé dé tán, kí wọ́n ti ara wọn mọ́ yàrá àdúrà. Kì í ṣe àjọ̀dún Júù ni wọ́n fi ṣírò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan náà ni. Wọ́n dí gbogbo ojú yàrá, wọ́n jó tùràrí àti èédú nínú rẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún ni ó kú. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì máa ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ti ọmọ yín mọ́lé fún irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀, ìbá à ṣe ẹ̀gbọ́n yín.

Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ní gbogbo Mísà ni a ń kéde pé Olúwa yóò padà wá, ayọ̀ ni a sì fi ń kéde rẹ̀. Ẹni tí ó gbé wọn sí apá rẹ̀, tí ó súre fún wọn, ni ó ń bọ̀.

Ìfùnpè ọdún 2026, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ni ó bọ́ sí. Àsìkò àgbàdo kejì ni, oṣù náà sì ni àwọn ọmọ ń wọlé sí ilé-ìwé.