Asawase, Níbi Tí Àkàrà Ti Ń Jẹ́ Koose

Fùfú ni ó máa ń kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ Yorùbá àti ìlú Kumasi. Àlejò tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Accra, tí ebi ti ń pa á láti ìgbà tí wọ́n ti kọjá Nkawkaw, yóò jókòó sí ilé oúnjẹ, yóò ní kí wọ́n bu fùfú wá, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo tí ó mọ̀ nìyẹn nínú gbogbo ohun tí olóúnjẹ kà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, yóò rí i pé kì í ṣe fùfú tí wọ́n ń tà ní ilé. Ẹ̀gẹ́ tútù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n sè, tí wọ́n sì gún pọ̀ nínú odó. Kò kan, kò ní òórùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ iyán tí ó rọ̀ jù. Inú ọbẹ̀ gan-an ni wọ́n jù ú sí, kò sí àwo ọ̀tọ̀ fún òkèlè. Ọbẹ̀ náà sì ń ṣàn bí omi. Ojú ẹsẹ̀ ni àlejò yóò pinnu pé búrẹ́dì àti mílíìkì ni oúnjẹ òun títí òun yóò fi padà, bí ó bá sì délé tán, yóò máa sọ kiri pé àwọn ará Gánà kò mọ oúnjẹ í sè.

Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Fùfú àwọn Asante dùn fún ẹni tí ó bá ti jẹ ẹ́ dé ẹ̀ẹ̀kẹta, pàápàá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn tí wọ́n ń pè ní abenkwan, tàbí ọbẹ̀ ẹ̀pà tí wọ́n ń pè ní nkatenkwan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní sùúrù ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, kí ó kúrò ní àárín ìlú, kí ó wọ trotro, èyí tí í ṣe dánfó tiwọn, kí ó sì ní Asawase ni òun ń lọ.

Apá ìlà-oòrùn Kumasi ni Asawase wà. Ìjọba amúnisìn kọ́ ilé sí ibẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́ lónìí ni àwọn àlejò láti òkè ọ̀hún àti láti ẹ̀yìn odi: Hausa, Mossi, Dagomba, Gonja, Frafra, àti Yorùbá. Zongo ni wọ́n ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Gánà. Ọ̀rọ̀ Hausa ni, ibùdó àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí Sábó jẹ́ fún Ìbàdàn láti ọdún 1916 ni zongo jẹ́ fún Kumasi, àfi pé ní ti Kumasi, ọmọ Yorùbá alára wà lára àwọn àlejò. Twi ni èdè ìlú, Hausa sì ni èdè zongo, ẹni tí ó bá gbọ́ Hausa díẹ̀ kò ní sọnù níbẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìrun àsùbáà bá ti parí, àwọn obìnrin yóò ti wà lẹ́bàá títì pẹ̀lú ìkòkò ńláńlá. Hausa koko ni wọ́n ń pe ohun tí ó wà nínú ìkòkò náà. Ògì jéró ni, tí wọ́n lọ atalẹ̀, ata àti kànnáfùrù mọ́. Ó máa ń ta lẹ́nu díẹ̀, a sì máa mú ara gbóná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni agbada òróró wà, koose ń hó nínú rẹ̀. Àlejò Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n po ata àti àlùbọ́sà mọ́, tí wọ́n wá ń dá sínú òróró gbígbóná, kí ni à bá tún máa pè é bí kò ṣe àkàrà? Orúkọ tí Hausa fún un ni ó ń jẹ́ ní Gánà, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń jẹ́ acarajé ní Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé.

Síbẹ̀, waakye ni ọba oúnjẹ àárọ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni, láti inú wake tí Hausa ń pe ẹ̀wà ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé òun mọ̀ ọ́n tán, nítorí pé kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti í se ìrẹsì pọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Kò mọ̀ ọ́n. Ewé ọkà bàbà pupa tí ó ti gbẹ ni wọ́n ń sè mọ́ ọn, ewé yìí ni ó ń sọ omi inú ìkòkò di pupa, tí ìrẹsì àti ẹ̀wà fi ń yọ àwọ̀ bí aṣọ àlàárì. Àwọn àgbà yóò dá ewé náà mọ̀: pòròpórò ni, èyí tí àwọn eléwé-ọmọ ń tà fún àgbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ohun tí ó jẹ́ oògùn ní ọjà Ọjẹ́, èròjà oúnjẹ ni ní Asawase.

Orí ewé ni wọ́n máa ń bù ú sí, ewé kan náà tí àwọn olómọ́ínmọ́ín ń lò. Lẹ́yìn náà ni olóúnjẹ yóò máa béèrè ohun tí wọn yóò fi lé e lórí: gàrí, taliya tí í ṣe sìpàgẹ́tì, ẹyin, ẹja díndín, ẹran, àti wele tí kì í ṣe ohun mìíràn ju pọ̀nmọ́ lọ. Shito ni ó gbẹ̀yìn. Ata dúdú ni shito, ẹja gbígbẹ àti edé ni wọ́n fi dín in nínú òróró títí ó fi dúdú, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó dára, kí ó máa wo ibi tí èrò tò sí, kí ó má sì ṣe wo bí ìsọ̀ náà ṣe lẹ́wà tó. Kí ó tètè dé pẹ̀lú. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ẹni tí ó dé nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí máa ń bá.

Tuo zaafi ni ti ọ̀sán àti ti alẹ́. Túwó ni, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń rò, wọ́n sì máa ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí i. Ọbẹ̀ ayoyo ni wọ́n ń dà lé e, ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran sì wà lórí rẹ̀. Ayoyo yìí, ewédú ni. Ará Ìlọrin tí ó bá dé ìdí tuo zaafi yóò kàn wẹ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá sì fẹ́ wàrà, kí ó béèrè wagashi. Bí ó bá fẹ́ súyà, kyinkyinga ni orúkọ rẹ̀. Bí òùngbẹ zobo bá ń gbẹ ẹ́, sobolo ni kí ó wí.

Gbogbo èyí kì í ṣe èèṣì. Kí reluwé tó ti Sekondi dé Kumasi ní ọdún 1903 ni ọ̀nà oníṣòwò ti wà láàárín ilẹ̀ Asante, ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Yorùbá, obì sì ni olórí ẹrù ojú ọ̀nà náà. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn kún Gánà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ọṣẹ dúdú ṣì ń jẹ́ alata samina ní ẹnu àwọn Akan títí di òní, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, fún ẹni tí ó ti fi ogún ọdún dá ìsọ̀ sílẹ̀, tí àwọn gbèsè rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà, tí ó ti bí ọmọ, tí ó sì ti sin òbí sí ilẹ̀ náà! Ọ̀pọ̀ fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó bọ̀ wálé nígbà náà, tí wọ́n gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, ti di àgbà lónìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari náà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, orúkọ àpò ‘Ghana Must Go’ ni ó sì kù fún ìrántí. Ìwà méjèèjì kò dára, ìkejì kò sì tún ìkíní ṣe.

Àwọn ìdílé Yorùbá kan kò lọ, àwọn mìíràn sì padà wá. Ẹni tí ó bá dé Asawase kí ó béèrè wọn. Ó lè jẹ́ pé Hausa ni ọmọ ilé yóò fi dáhùn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó wà nínú yàrá lè ké oríkì ìlú rẹ̀ láìdánu dúró. Ẹni tí ó ní lọ́kàn láti ṣòwò ni kí ó ṣọ́ra, nítorí òfin ìdókòòwò Gánà ti ọdún 2013 fi ọjà títà lójú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan. Arìnrìn-àjò lásán, ọmọ ECOWAS, ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ti mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání.

Bí inú bá ti kún, ó ku ojú. Manhyia, ààfin Asantehene, kò jìnnà sí Asawase. Ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1925 fún Ọba Prempeh Kìíní, nígbà tí ó ti ìgbèkùn Seychelles dé, ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1995. Ní ọdún 2024, British Museum àti Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù kó ohun ọ̀ṣọ́ 32 wá síbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrù tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ nígbà tí wọ́n sun Kumasi ní ọdún 1874. Àyálò ọdún mẹ́ta ni wọ́n pè é. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n wá ń yá ní ẹrù ara rẹ̀. Fowler Museum ní Los Angeles ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún kan náà, méje ni ó dá padà pátápátá.

Ẹni tí ó bá lè ṣètò rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ìrìn-àjò rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Akwasidae, tí ó máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, tí ọba yóò jókòó lábẹ́ agboorùn pẹ̀lú wúrà lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Idà Okomfo Anokye wà ní ọgbà ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Inú ilẹ̀ ni ó gún un sí, ìgbàgbọ́ àwọn Asante sì ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá fà á tu ni ìjọba wọn yóò tú. Ẹni tí ó ti rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀ yóò lóye ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà wà ní àárín ìlú, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ológun láti ọdún 1953. Níbẹ̀ ni àwọn Asante há gómìnà Hodgson mọ́ nígbà ogun Yaa Asantewaa ní ọdún 1900, láti Èkó ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó lọ gbà á sílẹ̀ sì ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà wọ inú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ nílé.

Ọjà Kejetia ni kí ó gbẹ̀yìn, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ kò ní ráyè lọ sí ibòmíràn mọ́. Kente wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí i lórí òfì kí ó lọ sí abúlé Bonwire. Ọṣẹ dúdú kò yẹ ní ohun tí ọmọ Yorùbá ń rà bọ̀ wálé láti Kumasi. Shito ni kí ó rà. Bí ìgò bá dé dáadáa, tí òróró sì bo orí rẹ̀, yóò gba Aflao, yóò gba Seme, yóò sì dé Èkó láìbàjẹ́.